Ìyá Tó Ń Gbàgbé Kì Í Ṣe Àjẹ́

Mo ṣèlérí fún yín pé n ó parí ọ̀rọ̀ lórí àkọsẹ̀jayé ọmọ lónìí. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ kan yọjú tí kò ṣeé dá dúró.

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá kan tí kò tíì pẹ́, àwọn ará ilé kan wá bá mi ní Ìkọ̀lé níbí láti abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀yẹ́. Ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin kan, àti ìyá wọn. Ìyá náà yóò ti tó ẹni ọdún 75. Àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, wọ́n fi ìyá sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí ẹni gbé ẹrù kalẹ̀. Àkọ́bí ló sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n bá ìyá àwọn ní ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò ní aago mẹ́rin òru, kò wọ bùbá, ó ń dá sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti fẹ́ ju òkúta lù ú, wọ́n ní ẹyẹ ló já bọ́. Ó ní kì í ṣe pé àwọn wá ṣe ìwádìí, àwọn ti mọ ohun tó ń ṣe ìyá. Kí n kàn bá àwọn fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni, kí n sì sọ ohun tí àwọn yóò rú kí agbára ọ̀hún lè kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ka owó síwájú ọpọ́n Ifá.

N kò fọwọ́ kan owó náà. Mo wọ yàrá lọ, mo di ìyàwó mi lọ́wọ́ mú jáde. Bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó wá bi àkọ́bí yẹn léèrè bóyá ó rí ìyá òun lọ́jà, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Ìyá ẹ̀ sì ti kú láti 1994.

Mo bi wọ́n pé, "Ṣé àjẹ́ ni tèmi náà?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó gbọ́ ọ níwájú. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bo ọ̀rọ̀ ìyàwó mi mọ́lẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé mi. Mo ń kọ nípa orí, mo ń kọ nípa ìwà, mo ń kọ nípa sùúrù, ẹni tí mo ń fi kọ́ sùúrù sì wà nínú yàrá kejì, n kò dárúkọ ẹ̀ rí. Ìtìjú ni. Awo tí ń tún ilé onílé ṣe kì í fẹ́ kí ayé mọ̀ pé tiẹ̀ ń jò.

Ní 1981 ni a fẹ́ra wa. Iṣu ló ń tà lọ́jà Ìkọ̀lé, ó sì mọ̀ ọ́n tà. Kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ gbèsè tí ẹni ogún jẹ ẹ́, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n dá. Apẹ̀tẹ̀bí tòótọ́ ni. Òun ló ń tọ́jú obì àti epo ọ̀sẹ̀ Ifá, òun ló mọ èwo nínú àwọn ọmọ akọ́ṣẹ́ mi ni kò tíì jẹun. Bí mo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, òun ló ń léwájú àwọn tó ń gbè. Ìgbà mìíràn wà tí mo bá ṣì ẹsẹ̀ kan, tí yóò wúkọ́. Èmi mọ ohun tí ikọ́ yẹn túmọ̀ sí.

Nígbà tó di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí fún oníbàárà ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní àárẹ̀ ni. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó tún fi sí i. Mo ní ó ń ronú ọmọ. Ó gún iyán lọ́jọ́ kan, ó gún un kúnná dáadáa, ó fi í sínú odó, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ní Èkìtì? Ẹ̀yin tí ẹ wá láti apá ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé obìnrin tó bá gbàgbé iyán sínú odó, nǹkan ti ṣe é. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ọlọ́kadà gbé e wálé láti ojú ọ̀nà Ọ̀yẹ́, tó ní kò mọ ilé ẹ̀ mọ́ nínú ìlú tó ti gbé fún ọdún mọ́kàndínlógójì, ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an.

Kí ni mo ṣe? Ohun tí gbogbo awo ń ṣe. Mo ṣe ìsọ̀yè. Ẹ̀yin ọmọ awo mọ ìsọ̀yè, oògùn tí à ń ṣe fún ọmọ akọ́fá kí ohun tó bá kọ́ má baà bọ́ sọnù. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ó sì jẹ́. Mo ṣe é fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo pààrọ̀ ewé, mo pààrọ̀ ìgbà. Kò mú nǹkan kan yí padà. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ẹni tí agbárí ẹ̀ pé, tó ń wá ohun tí yóò dì sínú ẹ̀, ni à ń ṣe ìsọ̀yè fún. Bí igbá bá ti lu, ìka omi tí o bá bù sí i kọ́ ni ọ̀rọ̀.

Mo wá dá Ifá fún un fúnra mi. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀, mo mọ òwe yẹn, mo sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkàn mi ń wá ni ojú mi ń rí nínú odù tó bá jáde. Mo rú ẹbọ. Mo lọ bá awo mìíràn, tí n kò ní dárúkọ. Ó ní ẹnìkan lọ́jà ló di iyè ẹ̀. Mo pa ewúrẹ́. Ó ní ó kù díẹ̀. Mo tún pa ewúrẹ́. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ń ṣe èyí, tí mo ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ọlọ́jà ní ìwò ìkà, títí kan obìnrin kan tó ti bá a pín ìsọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Mo ti bẹ obìnrin náà lẹ́yìn náà. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò wọlé wa mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ló bínú sí mi tó sì gbé ìyá ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo tẹ̀lé wọn tipátipá. Dókítà kò kọ́kọ́ fún un ní oògùn kankan. Ó bi í ní ọjọ́ òní, ó bi í ní orúkọ ìlú. Ó dárúkọ nǹkan mẹ́ta, ó bá a sọ̀rọ̀ mìíràn díẹ̀, ó wá ní kó tún àwọn nǹkan mẹ́ta náà kà. Kò rántí ìkankan. Ó ní kó ya ojú aago. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n wo ìfúnpá, wọ́n wo ṣúgà, wọ́n wo ẹṣẹ́ kan ní ọrùn tí wọ́n ń pè ní táíròdù, wọ́n wo fítámì B12, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ. Mo béèrè pé kí ni gbogbo èyí wà fún. Dókítà ní àwọn àìsàn kan wà tí ń mú kí ènìyàn máa gbàgbé bí ẹni ń ṣarán, tí wọ́n sì ṣeé wò: táíròdù tí kò ṣiṣẹ́, àìtó fítámì, ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ agbárí nítorí pé ènìyàn ṣubú, ìbànújẹ́ ọkàn tó wọra, àní oògùn mìíràn tí ènìyàn ń lò. Ó ní àwọn ni a kọ́kọ́ ń wá. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí mo fi pa ewúrẹ́ ni ìbá ti sọ ọ́ di aláìṣeéwò.

Kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Alzheimer ni. Wọ́n ṣàlàyé pé èròjà kan tó yẹ kí ara máa gbá dànù ló ń gbárajọ sínú ọpọlọ, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, tí ọpọlọ ń sún kì. Ibi tí à ń kó ohun tuntun sí ló sábà ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ó dà bí àká tí omi ń wọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀: ohun tí o gbé wọlé lánàá ti jẹrà, èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ṣì gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó mi kò fi mọ ohun tó jẹ lárọ̀ọ́ ṣùgbọ́n tó mọ orúkọ ajá bàbá ẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní donepezil, wọ́n sì sọ fún mi láìfi bò pé kò ní wò ó sàn, ó lè kàn ràn án lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún dókítà náà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Awo mélòó nínú wa ló lè wo ojú ẹni tó gbé owó wá kó sọ pé, "Èyí kò ní sàn"?

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ẹni tí ń jẹ́ Alzheimer. Ọmọ mi bá mi wá a. Dókítà ará Jámánì ni, Alois Alzheimer. Ní 1901, ní ìlú Frankfurt, wọ́n gbé obìnrin kan tí ń jẹ́ Auguste Deter wá sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni ọdún 51 ni. Ohun tó kọ́kọ́ hàn lára ẹ̀ ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí jowú ọkọ ẹ̀ láìnídìí, ó ń fura sí i. Ó kú ní 1906, wọ́n yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, dókítà náà sì ròyìn ohun tó rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní oṣù November ọdún náà.

Nígbà tí mo gbọ́ ti owú yẹn, mo jókòó. Ìyàwó mi ti fẹ̀sùn kàn mí pé mo ń gbé obìnrin wọlé lóru. Ó ní mo jí owó tí òun fi pamọ́ sínú èlùbọ́. Mo bá a jà lórí ẹ̀sùn méjèèjì, mo búra fún un, mo bínú fún ọjọ́ mélòó kan tí n kò bá a jẹun. Obìnrin kan ní Frankfurt ti fi irú ẹ̀ kan ọkọ ẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àìsàn náà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ sì kíyè sí i: ìdílé mélòó ni irú ẹ̀sùn yìí ti dá ìjà sílẹ̀? Ìyá àgbà sọ pé ìyàwó ọmọ òun jí owó òun. Ìyàwó ọmọ bínú, òun náà ní ìyá náà kò mọ́ lọ́wọ́. Ọmọ kan ṣàìsàn lọ́sẹ̀ yẹn. Ó parí.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àrùn òyìnbó ni, pé kò sí nílẹ̀ Yorùbá. Irọ́ ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílé. Ọmọ Èkìtì wa, ọmọ Ọ̀kèmẹ̀sí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, ní 1992. Wọ́n ń wọ ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bá àwọn àgbà tó ti pé 65 sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀ṣúntòkun kú ní 1995, àwọn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì sì ń bá a lọ. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, wọ́n rí i pé nínú 1,000 àgbà ní Ìdíkàn, nǹkan bí 13 tàbí 14 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kan. Ní Indianapolis, ó jẹ́ nǹkan bí 32. Ti ọ̀dọ̀ wa kéré, ó kéré gan-an, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí ẹ̀, bóyá oúnjẹ ni, bóyá ti ìfúnpá. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń yọ̀ lórí èyí. Kí wọ́n máa yọ̀. Ṣùgbọ́n 13 kì í ṣe òfo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa tó ní in ni àwọn ará ilé wọn kàn ń sọ pé ó ń ṣarán, tàbí kí wọ́n sọ ohun tó burú ju ìyẹn lọ.

Mo wá kọjú sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin babaláwo.

N kò sọ pé kò sí àwọn ìyá wa. Ẹni tó jẹ́ awo kò ní fi ẹnu kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyá tí kò rántí ọ̀nà ilé ìdáná ara ẹ̀, ẹ wá sọ fún mi bó ṣe ń rántí ọ̀nà ìpàdé òru. Àwa náà mọ̀ pé kò bójú mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá ti ní èsì lọ́kàn kó tó dé, owó sì wà nílẹ̀, ó rọrùn láti mú èsì tirẹ̀ dá a lóhùn. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ará ilé wọ̀nyí ń kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu wa lè mú kí wọ́n fún ìyá náà ní omi gbígbóná kó fi wẹ̀, ó sì lè mú kí wọ́n lé e jáde kúrò nílé.

Awo kan béèrè lọ́wọ́ mi ní ìpàdé wa pé ṣé mo ń sọ pé Ifá kò lágbára ni. Mo ní rárá. Ní 2005, UNESCO ka Ifá mọ́ ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé ní láti tọ́jú, inú wa sì dùn. Kí ni wọ́n ń yìn? Odù 256 àti gbogbo ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn, tí àwọn bàbá wa kò kọ sórí tákàdá, tí wọ́n kó sínú ọpọlọ láti ìran dé ìran. Ta ló yẹ kó mọ iyì ọpọlọ ju àwa lọ? Ta ló yẹ kó mọ̀ pé ọpọlọ jẹ́ ẹran ara, pé ó lè ṣàìsàn bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣàìsàn? Bí ẹnìkan bá kán lẹ́sẹ̀, a kì í sọ pé orí inú ẹ̀ ti fò lọ. Orí tí ìyàwó mi yàn láti ọ̀run wà pẹ̀lú ẹ̀. Mo ṣì ń bọ orí ẹ̀. Ẹbọ tí mo ń rú báyìí, èmi ni mò ń rú u fún, kí n lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tí kì í pariwo.

Ọ̀rọ̀ ewé tún kù. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń fún irú àwọn ìyá yìí ní egbò asọ́fẹ́yẹjẹ kí wọ́n lè sùn, bí a ṣe ń fún ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ewé náà lágbára. Ó ń já ìfúnpá wálẹ̀. Ẹni ọdún 75 tó mu ún, tó dìde lóru láti lọ tọ̀, yóò ṣubú lulẹ̀. Ìbàdí tó bá kán lọ́jọ́ orí yẹn, ó ṣòro kó tó jiná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń gbé e, nítorí èyí ni àwọn ọkọ kì í sọ fún ara wọn.

Àwọn ẹbí mi ní kí n dá a padà sí ilé bàbá ẹ̀ ní Ìṣàn. Wọ́n ní mo ti ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n fẹ́ ọmọdébìnrin kan tí yóò máa tọ́jú àwa méjèèjì. Kí ni ọmọdébìnrin ọ̀hún ṣẹ̀? Àwọn mìíràn ní kí ọmọ mi nọ́ọ̀sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nílùú tó wà kó wá jókòó ti ìyá ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ní ìmọ̀ràn, gbogbo ìmọ̀ràn náà ló sì gbé iṣẹ́ lé obìnrin kan lórí. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí ọkọ ká ọwọ́ aṣọ.

Mo ká a. Ìwẹ̀ ló le jù. Ó ń bẹ̀rù omi, ó ń lù mí. Bí mo ti ń fipá ṣe é ló ń burú sí i. Ọmọ mi ló kọ́ mi: kí omi lọ́wọ́ọ́rọ́, kí n máa bá a sọ̀rọ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, kí n fi ìró bo ibi tí n kò tíì fọ̀ kí ojú má baà tì í. Àárín wákàtí kan ni. Bí kò bá sì fẹ́ lónìí, ó di ọ̀la, kò sẹ́ni tí ìdọ̀tí ọjọ́ kan pa rí. Àwọn awo kan ní kí babaláwo fọ aṣọ tí obìnrin yàgbẹ́ sí, pé èèwọ̀ ni, pé yóò ba àṣẹ mi jẹ́. Mò ń wẹ̀, mò ń fọ ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kan ikin. Obìnrin yìí tọ́jú Ifá fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Kí ẹni tó bá mọ ibi tí èèwọ̀ yẹn ti wá wá kí i fún mi nínú odù.

N kò ní parọ́ pé mo ṣe gbogbo ẹ̀ dáadáa. Ní ọdún kejì, a pè mí síbi ìtẹnifá kan ní Ayédé. Kò sẹ́ni tí n ó fi í tì. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ọn, mo gbé omi àti àkàrà sílẹ̀, mo ní n kò ní pẹ́. Mo pẹ́. Nígbà tí mo dé, ó ti lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó. Ó ti ya sára. Ó wò mí, ó ní, "Bàámi, ẹ má bínú, n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó rò pé bàbá òun ló ti òun mọ́lé nítorí ohun tí òun ṣe. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í lọ sí òde tí n kò bá rí ẹni tì í. Owó òde tí mo pàdánù pọ̀. Ṣaworo ni mo so mọ́ ilẹ̀kùn báyìí. Bó bá ṣí i lóru, mo ń gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń di ẹrù ẹ̀ sínú ìró, ó ní òun ń lọ sílé. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé, "Ilé rẹ rèé." Ìjà ni yóò dà. Báyìí, mo máa ń gba ẹrù náà rù, mo ní jẹ́ ká lọ. A ó yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan, àwọn aládùúgbò yóò kí wa, a ó padà dé ẹnu ọ̀nà, n ó ní, "A ti dé o." Yóò ní, "Ẹ kú ìrìn." Ó tán nìyẹn. Mo ti rán nọ́ńbà fóònù mi mọ́ etí ìró ẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn ọlọ́kadà ìkóríta wa. Wọ́n ti gbé e wálé fún mi lẹ́ẹ̀mejì láìgba kọ́bọ̀. Mo ti lè sọ fún wọn láti ọjọ́ kìíní bí kì í bá ṣe ti ìtìjú.

Kò mọ orúkọ àbíkẹ́yìn wa mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìyẹ̀rẹ̀, ó ń gbè é. Kì í ṣì í. Ní oṣù tó kọjá, mo fo ìlà kan, ó wúkọ́.

Ìrànlọ́wọ́ kò pọ̀. Ní 2011, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ìpínlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn àgbà tó ti pé 65. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń ra ọṣẹ. Kò wà pẹ́ títí. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba bá ń ka èyí, kí wọ́n dá irú ẹ̀ padà, kí wọ́n sì ka ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn mọ́ ọn. Kí a tó gbọ́ tìjọba, àwa tí a jọ ń ṣe ọ̀sẹ̀ Ifá lè ṣe nǹkan kan. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, mo ti tọrọ, wọ́n sì gbà: awo kan àti ìyàwó ẹ̀ yóò máa wá jókòó ti ìyàwó mi fún ọ̀sán kan láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀sán kan yẹn ni mo fi ń sùn. Ẹ bá ẹgbẹ́ tiyín sọ ọ́. Ẹni tí ń tọ́jú irú aláìsàn yìí kì í sọ pé ó ti rẹ òun, ẹ má dúró kó sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá ọ̀dọ̀ wa, tí ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Láti Ìkọ̀lé, ẹ ó gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì kọjá, kò jìnnà. Ẹ lọ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá èyí tó ṣeé wò ni. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fẹ́ kí a bọ orí ẹ̀, ẹ wá, a ó bọ ọ́.

Ti àwọn ará ẹ̀yìn Ọ̀yẹ́ yẹn ló kù. Àkọ́bí kó owó ẹ̀, ó bínú jáde, ó ní mo ti gba ẹ̀yìn òyìnbó. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin kò bá a lọ. Ó dúró, ó ń wo bí ìyàwó mi ṣe lọ jókòó ti ìyá wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ ọjà tí kò sí mọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un. Ó tún padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun nìkan, ó ní òun ti gbé ìyá wá sọ́dọ̀ ara òun, àwọn ti ń lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé, àti pé kí n fún òun ní ṣaworo kan.